Ẹ̀yin tẹ́ ẹ fẹ́ẹ́ yan ọmọ ní NBA, ẹ gbé tépù yẹn sílẹ̀ ná!

Tó bá ti ń di ìparí oṣù kẹfà ọdún, àwọn èèyàn kan wà nílẹ̀ Amẹ́ríkà tí oorun kì í kùn. Wọn kì í ṣe olóṣèlú, wọn kì í sì í ṣe ajagungbalẹ̀. Àwọn ọ̀gá ẹgbẹ́ tó ń gbá básíkẹ́ẹ̀tì, ìyẹn bọ́ọ̀lù àjùsáwọ̀n, nínú ìdíje NBA ni mò ń wí. Ẹgbẹ́ 30 ni wọ́n, lọ́dọọdún ni wọ́n sì máa ń jókòó láti pín àwọn ọmọ tuntun láàrin ara wọn. Ìpín yẹn ni wọ́n ń pè ní dráfùtì.

Ẹni tó bá gbá bọ́ọ̀lù àdúgbò rí kò ní í béèrè ìtumọ̀ ẹ̀. Ṣé ẹ rántí bá a ṣe máa ń ṣe é, tí àwọn ọmọ méjì tó mọ bọ́ọ̀lù jù á dúró síwájú, tí wọ́n á wá máa yan wá lọ́kọ̀ọ̀kan, "Mo mú Lágbájá," "Èmi mú Tàmẹ̀dò"? Bẹ́ẹ̀ náà ni. Ìyàtọ̀ tó wà níbẹ̀ ni pé àwọn ẹgbẹ́ tó fìdí rẹmi jù lọ́dún náà ni wọ́n máa ń fún láǹfààní láti tètè yan, kí tálákà náà lè rí nǹkan fẹnu bà. Nígbà tí wọ́n sì kíyè sí i pé àwọn kan ń mọ̀-ọ́n-mọ̀ fìdí rẹmi kí wọ́n lè kọ́kọ́ yan (ẹ ò rí i pé ìwà ọmọ aráyé kò yàtọ̀ níbì kankan), wọ́n sọ ipò kìn-ín-ní di ti lọ́tìrì láti ọdún 1985.

Ìbéèrè tí kì í jẹ́ kí wọ́n sùn yẹn ni mo fẹ́ ká jọ yẹ̀ wò lọ́sẹ̀ yìí. Tó bá kan ẹgbẹ́ kan láti yan, kí ló yẹ kí wọ́n kọ́kọ́ wò lára ọmọ? Ṣé gíga ẹ̀ ni? Ṣé ibi tí ihò wà nínú ilé tiwọn ni kí wọ́n fi ọmọ náà dí? Àbí nǹkan míì wà? Mo mọ̀ pé àwọn kan nínú yín ti ń sọ pé kí ló kan ọmọ Ùsì-Èkìtì nínú ìyẹn, ṣé wàhálà Arsenal àti Chelsea kò tó o ni? Ó kàn mí o, ó sì kan ẹ̀yin náà. Ẹ fara balẹ̀.

Àkọ́kọ́ ná, Èkó ló kún inú ọ̀rọ̀ yìí. Tí wọ́n bá ń ka àwọn ọmọ tí wọ́n yàn tí ó dáa jù látìgbà tí wọ́n ti ń ṣe dráfùtì, Èkó wà níbẹ̀. Tí wọ́n bá ń ka àwọn tí wọ́n yàn tí wọ́n kábàámọ̀ jù, Èkó wà níbẹ̀. Tí wọ́n bá tún ń ka àwọn tí ọ̀pọ̀ ẹgbẹ́ fò dá kí ọlọ́gbọ́n kan tó mú un, ọmọ àwọn tó kúrò l'Ékòó ni.

Ìkejì, ọ̀rọ̀ náà ti wọ ilé wa. Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin tó ń gbé ní Ùsì ní ọmọkùnrin kan tó jẹ́ ọmọ ọdún mẹ́tàdínlógún. Ọmọ náà ga ju ìlẹ̀kùn lọ. Tó bá fẹ́ẹ́ wọlé, ó ní láti tẹrí ba, àwọn àlejò á rò pé àwọn ló ń kí. Òpó NEPA làwọn ẹgbẹ́ ẹ̀ ń pè é. Ọdún méjì péré ló ṣì fi gbá básíkẹ́ẹ̀tì, lábẹ́ irin róbótó kan tí tíṣà wọn so mọ́ òpó nínú ọgbà ilé-ìwé, lórí ilẹ̀ pupa. Tójò bá ti rọ̀, ó parí nìyẹn.

Lẹ́yìn ọdún Kérésì tó kọjá ni ọkùnrin kan wá bá wọn nílé. Ó ní éjẹ́ǹtì lòun, pé òun ń wá àwọn ọmọ gíga kiri, láti Ìkọ̀lé dé Ọ̀yẹ́, láti Ọ̀yẹ́ dé Ìdó. Ó yọ tépù jáde nínú báàgì, irú èyí tí àwọn télọ̀ máa ń fi kọ́rùn. Ó ní kí ọmọ náà fẹ̀yìn ti ògiri, ó wọ̀n ọ́n láti gìgísẹ̀ dé àtàrí. Ó ní kó na ọwọ́ méjèèjì sí ẹ̀gbẹ́, ó wọn ìyẹn náà. Ó wọn àtẹ́lẹwọ́. Ẹsẹ̀ bàtà mẹ́fà àti íǹṣì méje ló bá níbẹ̀. Inú ẹ̀ dùn débi pé ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja fún yèyé wa, ó ní, "Màmá, wúrà lẹ kó pa mọ́ sílé yìí."

Ẹ wá gbọ́ o. Kò ní kí ọmọ náà gbá bọ́ọ̀lù kóun wò. Kò béèrè ẹni tó ń kọ́ ọ. Ohun tó béèrè ni mílíọ̀nù kan ààbọ̀ náírà fún pásípọ́ọ̀tù àti físà, ó sì ní kí ọmọ má wulẹ̀ dúró ṣe WAEC, torí pé gíga ẹ̀ ti tó ìwé-ẹ̀rí.

"Gíga ẹ̀ ti tó ìwé-ẹ̀rí" yìí ni wọ́n fi pè mí lórí fóònù. Nítorí pé oníròyìn ni mí, wọ́n gbà nílé pé kò sóhun tí mi ò mọ̀. Ilé ti pín sí méjì kí n tó gbọ́. Ẹ mọ Èkìtì, ìwé la fi ń yangàn níbẹ̀. Ilé tí kò bá tíì ní ọ̀jọ̀gbọ́n, á ní ẹni tó ń retí àtidi ọ̀kan. Iṣu ni yèyé wa tà tó fi rán èmi lọ sí polí, ó sì ní kí wọ́n má wulẹ̀ sọ ọ́ sétígbọ̀ọ́ òun pé ọmọ òun kò ní í ṣe WAEC. Ẹ̀gbọ́n wa ọkùnrin ní tí ọmọ bá lè jẹ dọ́là, kí ló fẹ́ẹ́ fi ìwé ṣe, ṣebí àwọn tó kàwé jáde náà ló ń gun ọ̀kadà kiri Adó. Mi ò lè sọ pé irọ́ ló ń pa.

Èmi wá jókòó, mo bi ara mi pé: ká ní èmi ni ọ̀gá ẹgbẹ́ kan l'Amẹ́ríkà, tí wọ́n ní ó kàn mí láti yan, kí ni mo máa wò lára ọmọ yìí? Ìbéèrè yẹn ló gbé mi dé ọ̀dọ̀ àwọn mẹ́ta tí mo ní Èkó ni wọ́n ti ṣẹ̀ yẹn.

Hakeem Ọlájuwọ́n ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ gbọ́. Èkó ni wọ́n bí i sí lọ́dún 1963, sìmẹ́ǹtì làwọn òbí ẹ̀ ń tà. Bọ́ọ̀lù ẹlẹ́sẹ̀ ló ń gbá, gólì ló ń ṣọ́, ó sì ń gbá handball. Ó ti tó ọmọ ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún kó tó bẹ̀rẹ̀ básíkẹ́ẹ̀tì. Ọdún 1980 ló dé Yunifásítì Houston ní ìpínlẹ̀ Texas. Ẹ lè máa rò pé bí wọ́n ṣe rí gíga ẹ̀ ni wọ́n ti tì í wọ pápá. Rárá o. Ọdún kan gbáko ni wọ́n fi ní kó jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, kó máa kọ́ṣẹ́, kí ara ẹ̀ sì gbó dáadáa. Tí wọ́n bá gba ọlidé gígùn, ó máa ń lọ sí gbọ̀ngàn ìṣeré kan tó ń jẹ́ Fonde nílùú náà, níbi tí Moses Malone ti máa ń wá gbá bọ́ọ̀lù. Ìgbà mẹ́ta ni wọ́n fi Malone yìí jẹ ẹni tó dáa jù ní NBA. Àgbà ọ̀jẹ̀ yìí á fi èjìká ti ọmọ Èkó náà sọ́hùn-ún, á gba bọ́ọ̀lù mọ́ ọn lórí. Lọ́jọ́ kejì, ọmọ náà á tún padà wá.

Lọ́dún 1982, 1983 àti 1984, ìgbà mẹ́ta léra ni yunifásítì náà wà lára ẹgbẹ́ mẹ́rin tó kẹ́yìn nínú ìdíje àwọn yunifásítì Amẹ́ríkà. Ti 1983 tí wọ́n tiẹ̀ pàdánù àṣekágbá, Hakeem ni wọ́n fún ní àmì-ẹ̀yẹ ẹni tó dáa jù. Ẹ bá mi ṣírò ẹ̀: nǹkan bí ọdún márùn-ún ṣáájú ìgbà náà, kò mọ bí wọ́n ṣe ń sọ bọ́ọ̀lù sínú àwọ̀n. Kì í ṣe tépù lèèyàn máa fi rí ìyẹn.

Nígbà tí dráfùtì 1984 dé, Houston Rockets àti Portland Trail Blazers ló wà níwájú. Owó ẹyọ ni wọ́n ta sókè, Houston ló bọ́ sí lọ́wọ́. Níbi tí ọ̀rọ̀ ti dùn nìyí. Houston kò nílò ọmọ gíga rárá! Lọ́dún 1983 ni wọ́n ti fi ipò kìn-ín-ní yan Ralph Sampson, ọkùnrin tó ga ní ẹsẹ̀ bàtà méje àti íǹṣì mẹ́rin, ojú ibi tí Hakeem ti ń gbá gan-an lòun náà ti ń gbá. Ká ní ihò ilé wọn ni wọ́n ń wò ni, wọn ò ní í mú Hakeem. Wọ́n mú un, wọ́n ní àwọn méjèèjì á jọ wà níbẹ̀. Lọ́dún 1986 wọ́n dé àṣekágbá NBA, Boston ló na wọ́n. Orúnkún kò jẹ́ kí Sampson gbádùn, wọ́n fi ṣe pààrọ̀ lọ́dún 1987. Hakeem dúró. Ó gba ife-ẹ̀yẹ fún wọn lọ́dún 1994, ó tún gbà á lọ́dún 1995. Ìgbà tó fi máa fi bàtà kọ́ lọ́dún 2002, bọ́ọ̀lù tó ti fọwọ́ gbá dànù mọ́ àwọn alátakò lórí ti di 3,830. Títí dòní, kò sẹ́ni tó tíì tó o nínú ìwé NBA.

Portland ńkọ́? Àwọn ló kàn. Wọ́n ti ní Clyde Drexler tí wọ́n yàn lọ́dún 1983, wọ́n wá ní àwọn kò nílò ẹlòmíì tó ń gbá irú ojú ibẹ̀ yẹn, ọmọ gíga làwọn ń wá. Wọ́n mú Sam Bowie, ẹsẹ̀ bàtà méje àti íǹṣì kan, ọmọ tí egungun ẹsẹ̀ ti jẹ́ kó pàdánù sáà méjì ní yunifásítì. Chicago tó wà ní ipò kẹta kó ohun tó kù sílẹ̀. Michael Jordan ni. Mi ò ní í fi kún un. Ẹni tí kò bá mọ Jordan, kó bi ọmọ ẹ̀ léèrè ẹni tí wọ́n yàwòrán ẹ̀ sára bàtà.

(Drexler yẹn náà, ọmọ kíláàsì Hakeem ni ní Houston, òun ló sì wá bá a gba ife-ẹ̀yẹ 1995. Ayé kéré.)

Ẹ jẹ́ ká wá dé ibi tí kò dùn. Èkó náà ni wọ́n bí Michael Olowokandi sí, lọ́dún 1975. Bàbá ẹ̀ ń ṣojú ìjọba Nàìjíríà nílẹ̀ òkèèrè, Lọ́ńdọ̀nù lọmọ sì dàgbà sí. Iṣẹ́ ẹnjiníà ló ń kọ́ ní Yunifásítì Brunel. Lọ́dún 1995, ó ṣí ìwé kan tí wọ́n to orúkọ àwọn yunifásítì Amẹ́ríkà sí, ojú ewé tó ṣèèṣì ṣí bá, University of the Pacific ní California ló wà níbẹ̀. Ó gbé fóònù, ó pè wọ́n, ó ní òun ga ní ẹsẹ̀ bàtà méje, òun sì fẹ́ẹ́ gbá básíkẹ́ẹ̀tì fún wọn. Ẹni tó bá rò pé wọ́n máa sọ pé rárá kò mọ àwọn kóòṣì.

Lọ́dún tó lò kẹ́yìn níbẹ̀, póìǹtì 22 ló ń jẹ nínú eré kọ̀ọ̀kan. Ni Los Angeles Clippers tó ní ipò kìn-ín-ní lọ́dún 1998 bá yan án ṣáájú gbogbo èèyàn. Ẹ wo àwọn tí wọ́n fò dá: Vince Carter tí wọ́n mú ní ipò karùn-ún, Dirk Nowitzki ọmọ Jámánì tó bọ́ sí ipò kẹsàn-án, Paul Pierce ní ipò kẹwàá. Pierce gba ife-ẹ̀yẹ lọ́dún 2008, Nowitzki gbà á lọ́dún 2011. Sáà mẹ́sàn-án ni Olowokandi lò ní NBA, póìǹtì mẹ́jọ àti díẹ̀ ló ń jẹ, ó sì kúrò níbẹ̀ lọ́dún 2007. Látìgbà náà, táwọn oníròyìn Amẹ́ríkà bá ti ń ka orúkọ àwọn tí wọ́n ṣì yàn, tiẹ̀ kì í gbẹ́yìn.

Ó máa ń dùn mí tí wọ́n bá ń fi ọkùnrin yìí ṣe yẹ̀yẹ́. Ṣé òun ló yan ara ẹ̀ ni? Ọdún mẹ́ta ló fi gbá bọ́ọ̀lù yunifásítì kí wọ́n tó gbé adé lé e lórí. Lọ́dún tó yẹ kó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ gan-an, àwọn olówó ẹgbẹ́ àti àwọn òṣèré ń jà lórí owó, wọ́n tilẹ̀kùn pa títí wọ inú ọdún 1999. Kò sí ìgbaradì, kò sí kóòṣì Clippers tó lè dá a lẹ́kọ̀ọ́. Ó tiẹ̀ lọ sí Ítálì lọ gbá bọ́ọ̀lù fúngbà díẹ̀. Nígbà tí wọ́n wá ṣílẹ̀kùn, ẹgbẹ́ tó wọ̀ yẹn borí nínú eré mẹ́sàn-án, wọ́n fìdí rẹmi nínú 41. Moses Malone ta ló wà níbẹ̀? Ta ló ń fi èjìká tì í, tó ń gba bọ́ọ̀lù mọ́ ọn lórí títí á fi mọ̀ ọ́n? Orúnkún tún bẹ̀rẹ̀ sí í yọ ọ́ lẹ́nu nígbà tó yá. Àwọn Clippers ra bíríkì tó pọ̀ wálé, wọn ò ní bíríkìlà.

Gíga òun àti Hakeem kò fi bẹ́ẹ̀ yàtọ̀. Àwọn méjèèjì ló pẹ́ kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀, àwọn méjèèjì ni wọ́n yàn ní ipò kìn-ín-ní. Tépù kò lè sọ ìyàtọ̀ àárín wọn fún yín.

Ẹnì kẹta ni wọ́n ba orúkọ ẹ̀ jẹ́ jù. Giannis Antetokounmpo. Adétòkunbọ̀ ni o! Àwọn Gíríìkì ló kọ ọ́ bí etí wọn ṣe gbọ́ ọ, nígbà táwọn Amẹ́ríkà sì tún gbà á lọ́wọ́ wọn, ó di ohun tí ẹni tó sọ ọmọ lórúkọ fúnra ẹ̀ máa ní kí wọ́n tún pè. Lọ́dún 1991 ni bàbá àti ìyá ẹ̀ kúrò l'Ékòó lọ sí Gíríìsì. Yorùbá ni bàbá, Igbo ni ìyá. Áténì ni wọ́n bí Giannis sí lọ́dún 1994. Òun àtàwọn tí wọ́n jọ jẹ́ ọmọ ìyá ń kiri aago, báàgì àti jígí ojú láàárín ìgboro. Ibẹ̀ ni wọ́n bí i sí, ibẹ̀ ló ti lọ sílé-ìwé, wọn ò fún un ní ìwé ọmọ-ìlú. Oṣù karùn-ún ọdún 2013, tí dráfùtì ku ọ̀sẹ̀ díẹ̀, ni Gíríìsì ṣẹ̀ṣẹ̀ rántí pé ọmọ àwọn ni.

Ìpele kejì ni ẹgbẹ́ Filathlitikos tó ń gbá bọ́ọ̀lù fún wà nígbà yẹn. Ẹgbẹ́ mẹ́rìnlá ló yan ẹlòmíì kí ó tó kan Milwaukee Bucks. Cleveland tó ní ipò kìn-ín-ní mú Anthony Bennett, ọmọ Kánádà, sáà mẹ́rin ni ìyẹn sì fi wà ní NBA. Milwaukee mú Giannis ní ipò kẹẹ̀ẹ́dógún. Ẹ wo póìǹtì tó ń jẹ nínú eré kọ̀ọ̀kan láti sáà àkọ́kọ́ títí dé ìkẹrin: 6.8, 12.7, 16.9, 22.9. Ká ní ẹgbẹ́ tó ń kánjú ló bọ́ sí lọ́wọ́, nígbà tó ń jẹ 6.8 yẹn ni wọn ì bá ti lé e dànù. Lọ́dún 2019 àti 2020, òun ni wọ́n fi jẹ ẹni tó dáa jù ní NBA. Ní ogúnjọ́ oṣù keje ọdún 2021, póìǹtì 50 ló dá jẹ lọ́jọ́ tí Milwaukee gba ife-ẹ̀yẹ tí wọn ò gbà láti ọdún 1971.

Ohun kan wà lọ́jọ́ yẹn tí mo fẹ́ràn ju 50 lọ. Wọ́n ti ń fi ọkùnrin yìí ṣẹ̀sín tipẹ́ pé kò mọ bọ́ọ̀lù ọ̀fẹ́ jù, ìyẹn èyí tí wọ́n máa ń dúró jù láì sẹ́ni tó máa dí wọn lọ́wọ́. Àwọn òǹwòran ẹgbẹ́ kejì á máa ka ení, èjì, ẹ̀ta lé e lórí kí ọkàn ẹ̀ lè pòrúurùu. Lọ́jọ́ àṣekágbá yẹn, ó ju 19, ó sọ 17 wọlé.

Ohun tí mo ń sọ kò ju báyìí lọ. Kí ẹgbẹ́ tó fẹ́ yan kọ́kọ́ wo bí ọmọ ṣe ń yára kọ́ ohun tí kò mọ̀. Kí wọ́n lọ wá fídíò ẹ̀ ti ọdún méjì sẹ́yìn, kí wọ́n gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ ti òní. Kí wọ́n wá ẹni tó nà án lọ, kí wọ́n bi í pé kí ni ọmọ náà ṣe lọ́jọ́ kejì. Lẹ́yìn ìyẹn, kí wọ́n wá yíjú sí ara wọn, kí wọ́n béèrè pé lọ́dọ̀ tiwa, ta ló máa kọ́ ọmọ yìí, ọdún mélòó la sì lè fún un? Tí wọn kò bá rí orúkọ ẹni kan dá níbẹ̀, kí wọ́n tètè mọ̀ pé ọmọ òrukàn ni wọ́n fẹ́ẹ́ yàn.

Mi ò sọ pé gíga kò wúlò o, kẹ́ ẹ má lọ sọ pé mo sọ bẹ́ẹ̀. Ẹsẹ̀ bàtà mẹ́wàá ni irin yẹn fi ga sílẹ̀, ẹni tó bá kúrú máa fi ọgbọ́n dí i ni. Àwọn kóòṣì náà máa ń sọ pé gbogbo nǹkan làwọn lè kọ́ ọmọ àfi gíga. Òótọ́ ni, ṣùgbọ́n ìyẹn gan-an ló ń tàn wọ́n jẹ. Ní gbogbo oṣù karùn-ún, wọ́n á kó àwọn ọmọ jọ sí Chicago, wọ́n á wọ̀n wọ́n láì wọ bàtà, wọ́n á wọn apá, wọ́n á wọn àtẹ́lẹwọ́, wọ́n á wo bí wọ́n ṣe lè fò tó. Tépù tiwọn kàn mọ́ ju ti éjẹ́ǹtì Ùsì lọ ni. Ọ̀rọ̀ ihò ilé náà, mo gbà pé ẹni tó ń yan ní ipò ogójì lè fi dí ihò. Ẹni tó ń yan ní ipò kìn-ín-ní tàbí ìkejì, tó bá ń wo ihò, kó rántí Portland.

Ìdí tí wọn kì í fi í ṣe bẹ́ẹ̀ kò fara sin. Ọ̀gá tó bá yan ọmọ tó máa gbó lẹ́yìn ọdún mẹ́rin lè má sí lórí àga mọ́ nígbà tó bá gbó. Olówó ẹgbẹ́ ń kánjú, àwọn òǹwòran ń pariwo, àwa oníròyìn sì ń da epo síná. Gíga ṣeé fi hàn lọ́jọ́ tí wọ́n yan ọmọ, ẹ̀kọ́ kò ṣeé yà ní fọ́tò.

Ní ti ọmọ wa, mo wọ mọ́tò lọ sí Ùsì, mo ní kó gbá a kí n wò. Ẹ jẹ́ kí n sọ òótọ́: ká ní èmi ni ọ̀gá ẹgbẹ́, mi ò tíì ní í yan án. Ọmọ kan tó kúrú sí i níwọ̀n orí kan àtọrùn ń gba bọ́ọ̀lù lọ́wọ́ ẹ̀ bí ẹni gba àkàrà lọ́wọ́ ọmọdé. Ṣùgbọ́n nígbà tí wọ́n gbá a tán, mo rí i tó fa ọmọ kúkúrú yẹn sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, tó ní kó tún un ṣe kóun rí i. Wọ́n wà níbẹ̀ títí ilẹ̀ fi ṣú. Tíṣà wọn, tí kò gba kọ́bọ̀ kan lé owó oṣù ẹ̀ nítorí iṣẹ́ yìí, sọ fún mi pé lọ́dún tó kọjá, ọmọ náà kò lè fọwọ́ òsì di bọ́ọ̀lù mú rárá. Ìyẹn ló jẹ́ kí ọkàn mi rọlẹ̀ díẹ̀.

Mo wá kó gbogbo ilé jọ, mo ṣàlàyé fún wọn. NBA kì í gba owó lọ́wọ́ ọmọ kó tó wọ dráfùtì. Ẹni tí kò bá tíì pé ọdún mọ́kàndínlógún lọ́dún tí wọ́n ń yàn, wọn ò ní í dá a lóhùn. Ọmọ ilẹ̀ òkèèrè tí kò bá fi orúkọ ara ẹ̀ sílẹ̀ tẹ́lẹ̀, lọ́dún tó bá pé méjìlélógún lorúkọ ẹ̀ á wọlé fúnra ẹ̀. Ìyẹn ni pé ọmọ wa ṣì ní ọdún márùn-ún gbáko, kò sóhun tó ń lé e. Tó bá sì jẹ́ ọ̀nà yunifásítì Amẹ́ríkà, bí Hakeem ṣe lọ, ló fẹ́ẹ́ gbà, ìwé ẹ̀rí girama ni wọ́n máa kọ́kọ́ béèrè lọ́wọ́ ẹ̀. Ibi tí mo dé rèé tí yèyé wa fi pàtẹ́wọ́. Mo ní kí éjẹ́ǹtì náà fún wa ní orúkọ ilé-ìwé tàbí ẹgbẹ́ tó fẹ́ẹ́ mú ọmọ lọ, kí n fúnra mi pè wọ́n. Fóònù ẹ̀ kú lọ́jọ́ kejì.

Ẹ̀gbọ́n wa ọkùnrin kò bá mi sọ̀rọ̀ mọ́ látìgbà náà. Ó ní mo ti dínà ire mọ́ ọmọ. Mi ò bá a jà, torí ẹni tó ti rí ìyà tó rí lè rò bẹ́ẹ̀.

Ohun tó wá ya mí lẹ́nu jù ni àbúrò ọmọ náà, ọmọbìnrin tó jẹ́ ọmọ ọdún mẹ́rìnlá. Òun náà ti ga ju ìyá ẹ̀ lọ. Lọ́jọ́ tí éjẹ́ǹtì ń wọn ẹ̀gbọ́n ẹ̀, òun ló gbé omi wá fún un. Ọkùnrin náà mu omi tán, kò wò ó lẹ́ẹ̀kejì. Bẹ́ẹ̀, àwọn obìnrin wa, D'Tigress, ló gba ife-ẹ̀yẹ Áfíríkà lọ́dún 2017, 2019, 2021, 2023 àti 2025, márùn-ún léra, àwọn náà sì ni ẹgbẹ́ básíkẹ́ẹ̀tì àkọ́kọ́ láti Áfíríkà, lọ́kùnrin lóbìnrin, tó dé ìpele ẹgbẹ́ mẹ́jọ tó kẹ́yìn ní Òlíḿpíìkì, ní Paris lọ́dún 2024. Dráfùtì àwọn obìnrin wà l'Amẹ́ríkà náà: ipò kẹta ni wọ́n ti yan Evelyn Akhator, ọmọ Nàìjíríà, lọ́dún 2017. Mo bi tíṣà wọn bóyá ọmọbìnrin náà lè máa bá wọn gbá a. Ó ní láti oṣù mẹ́ta sẹ́yìn ló ti ń wá, òun ló máa ń kọ́kọ́ dé, òun ló sì ń bá wọn gbálẹ̀ ibẹ̀.

Ẹ̀gbọ́n mi pè mí lọ́sẹ̀ tó kọjá. Ó ní éjẹ́ǹtì náà ti tún fi nọ́ńbà míì pe òun. Ó ní ohun kan ṣoṣo ló béèrè: ṣé ọmọ náà ti ga sí i?